Ogbè Ògúndá àti Ọ̀kadà Àkọ́kọ́

   

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá síwájú ọpọ́n nítorí ọ̀kadà àkọ́kọ́ kò kéré rárá. Ọmọ ti kọ́ṣẹ́ tán, tàbí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tàbí ó fẹ́ máa bá àwọn oníṣòwò gbé ẹrù kiri ìlú. Wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ sówó, ìyá á wá ní, "Bàbá, ẹ bá wa bi Ifá léèrè, èwo ni kó rà?" Àwọn míì á ti ya àwòrán méjì sórí fóònù. Wọ́n fẹ́ kí n fi ìbò mú ọ̀kan.

Mo máa ń dá Ifá fún wọn, torí iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n kí n tó dá a, mo máa ń sọ ìtàn kan fún wọn látinú Ogbè Ògúndá, Odù tí àwọn kan ń pè ní Ogbè Yọ́nú. Bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ ó rí i pé Ifá ti dáhùn ìbéèrè ọ̀kadà tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀kadà kankan tó délẹ̀ yìí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta nílé Àjàlá

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan wà ní ìkọ̀lé ọ̀run. Orísèékú jẹ́ ọmọ Ògún, Orílèémèrè jẹ́ ọmọ Ìja, Afùwàpẹ́ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ wá sáyé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àjàlá mọ iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orí tó bá mọ ló dára. Òmíràn jiná dáadáa, òmíràn kò tíì wọná, òmíràn ti sán. Ibì kan náà ni gbogbo wọn sì wà.

Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò dúró dè é, wọ́n ń kánjú. Nígbà tí wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a. Wọ́n ní kí ni kókó ibẹ̀, ṣebí orí náà rèé lójú wa yìí. Orísèékú gbé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, tí kò tíì wọná. Orílèémèrè gbé ńlá kan tó wù ú lójú, kò mọ̀ pé ó ti sán. Inú wọn dùn, wọ́n kọrí sáyé. Òjò wá rọ̀ lọ́nà, òjò ọ̀hún sì pọ̀. Orí tí kò jiná ń yọ́, èyí tó sán ń ya. Kí wọ́n tó dé ayé, orí ti jẹ tán lórí wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́ láyé, kò ro wọ́n lọ́wọ́.

Nílé bàbá Afùwàpẹ́, àwọn awo dá Ifá fún un. Wọ́n ní kó rú iyọ̀ àti owó. Wọ́n mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹbọ, wọ́n ní kó gbé ìyókù dání lọ. Ó pàdé oníbodè kan tó ń fi eérú sebẹ̀. Kò fi baba náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ náà, oníbodè tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn, ló bá mú un lọ sílé Àjàlá. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, ariwo ni wọ́n ń gbọ́. Olówó ló wá sin gbèsè, Àjàlá sì ti sá gòkè àjà. Oníbodè ní kí Afùwàpẹ́ bá a san gbèsè náà. Ó san án. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè ohun tó wá ṣe, ó sì mú un wọlé síbi tí àwọn orí wà. Ọ̀pá irin ló mú lọ́wọ́. Ó ń lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tó dún dáadáa, èyí tó le. Ìyẹn ló gbé fún Afùwàpẹ́. Òjò kan náà rọ̀ lé òun náà lórí, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀nà kan náà ni, òjò kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni bí oníkálukú wọn ṣe yàn.

Ọmọ Ògún ló gbé èyí tí kò jiná

Ibi tó máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni ti Orísèékú. Ògún ló ni irin, òun ló ni iná, òun ló ni ilé arọ. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kó mọ ohun tí kò tíì wọná, ṣebí ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Síbẹ̀ òun gan-an ló gbé èyí tí kò jiná. Ó gbà pé ohun tí bàbá òun mọ̀, òun náà ti mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa rí pẹ̀lú ọ̀kadà. Láti kékeré lọmọ ti ń jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà lọ sílé-ìwé. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn, ó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, ó ń sọ pé báyìí-báyìí ni. Ó wá rò pé òun ti mọ̀ ọ́n gùn. Àbúrò mi, ẹni tó jókòó sẹ́yìn fún ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yìn ló mọ̀. Kò tíì mọ iwájú.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni èyí tó tóbi, tó ń dán, tó ń pariwo. Ó fẹ́ 150cc, ó fẹ́ 200cc, torí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gùn nìyẹn. Ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni kó wà láàárín 100cc sí 125cc. Bajaj Boxer tí wọ́n ń pè ní 100, TVS HLX 125, àti àwọn Honda tí kò ju 125cc lọ, gbogbo wọn ló wà káàkiri ìlú wa. Mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú wọn kó sì tò wọ́n padà, ẹ̀yà ara wọn kò sì ṣòro rí lọ́jà. Èmi kì í ta ọ̀kadà o, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti dárúkọ wọn. Ohun tí mo ń wò ni pé kí ó rọrùn láti darí, kí ó sì rọrùn láti tún ṣe.

Kí ló burú nínú èyí tó tóbi? Eré rẹ̀ ni. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì máa fà kí ọ̀kadà tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọwọ́ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró kò yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń sáré. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀kadà kékeré pàápàá ju 100 kílógíráàmù lọ. Ní kó o tó sanwó, gbé e dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, kí o sì gbé e dìde fúnra rẹ. Bí o kò bá lè gbé e dìde, kì í ṣe tìrẹ. Lẹ́yìn náà, jókòó lé e. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kan ilẹ̀ dáadáa? Tó bá jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀, ó ga jù fún ọ.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí. Ifá kọ́ wa pé àwọn orí pe ìpàdé nígbà kan, wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i, ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò sì yọrí. Orí lè yan ire, ẹsẹ̀ ló ń gbé e dé ibi tó ń lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ lórí ọ̀kadà, ibi tí wọ́n bá ti dá a dúró lójijì ló máa ṣubú sí.

Ọ̀pá irin Àjàlá

Àjàlá fúnra rẹ̀ ló mọ àwọn orí yẹn. Síbẹ̀ kò fi ojú lásán yàn fún Afùwàpẹ́, ọ̀pá irin ló fi lù wọ́n wò. Bí ẹni tó ṣe nǹkan bá ń dán an wò kó tó gbé e fúnni, àwa tí a fẹ́ rà á ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò lágbára láti ra tuntun, tòkunbọ̀ tàbí èyí tí ẹlòmíràn ti gùn ni wọ́n máa rà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń lù ú wò.

Ní àárọ̀ ni kó o lọ, kí o sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kó o tó ní kí wọ́n tan án. Ó yẹ kó tutù. Bí ẹni tó ń tà á bá ti tan án sílẹ̀ dè ọ́, bi í léèrè ìdí, torí ọ̀kadà tí kì í fẹ́ tan láàárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń mú gbóná de oníbàárà. Bó bá tàn, wo èéfín rẹ̀. Èéfín tó ní àwọ̀ aró, tí kò sì lọ, ń sọ fún ọ pé ọ́ìlì ń jó nínú rẹ̀, àtúnṣe owó ńlá sì ni.

Wo egungun rẹ̀, àgàgà ní ọrùn, níbi tí ọwọ́ ìdarí ti so mọ́ ọn. Bí o bá rí ojú jíjó irin níbẹ̀, tàbí ọ̀dà tuntun tó bo ibì kan ṣoṣo, ó ti ní jàǹbá rí. Dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí o wò ó gbọọrọ: ṣé táyà iwájú àti tẹ̀yìn wà lójú ìlà kan náà? Tẹ iwájú rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọ́ìlì bá ń ṣàn jáde lára àwọn ẹsẹ̀ iwájú, má ṣe gbà kí wọ́n sọ fún ọ pé kò ṣe nǹkan kan.

Ka ara táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Táyà tó ti dán, tàbí tó ti gbó tó ń ya wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bọ́ ọ dànù kí ọmọ tó gùn ún jáde. Owó táyà kò tó owó ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn náà, gba ìwé. Nọ́ńbà tó wà lára egungun àti èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Bí wọn kò bá bára mu, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń sunkún rẹ̀ níbì kan. Ohun tí a bá sunkún lé lórí kì í gbé ọmọ ẹni dé ibi ire. Kí o sì mú mẹkáníìkì tìrẹ lọ, má lo ti ẹni tó ń tà á. Fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá irin tìrẹ nìyẹn.

Ẹni tó bá rí owó tuntun ńkọ́? Òun náà kò gbọdọ̀ gbàgbé orí Orísèékú. Ọ̀kadà tuntun dà bí ìkòkò tí kò tíì wọná tán. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé ní àwọn ọgọ́rùn-ún kílómítà àkọ́kọ́, kí a má sá a ní àsápajúdé, kí a tètè pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kí a sì dá a padà fún wọn láti fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ ka ìwé yẹn. Púpọ̀ nínú wa ló ń fi í di ẹ̀pà.

Iyọ̀ oníbodè

Afùwàpẹ́ ì bá ti kọjá lára oníbodè. Baba tí kò mọ iyọ̀, kí ló fẹ́ mọ̀ tó máa kọ́ òun? Ṣùgbọ́n baba yẹn ló mọ ọ̀nà ilé Àjàlá. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Oníbodè tìrẹ ni àgbà ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta yín, èyí tó ti ń gùn ún fún ogún ọdún tí egungun rẹ̀ ṣì pé. Ó lè má kàwé. Ó lè máa wọ bàtà tó ti já. Ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, kí i dáadáa, kí o ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi." Iyọ̀ tìrẹ nìyẹn.

Ẹ lọ sí pápá ilé-ìwé nígbà ìsinmi. Kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ òsì máa yí jíà. Kọ́ bíréèkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà wa ló ń bẹ̀rù bíréèkì iwájú, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní ó máa ń taari èèyàn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀kadà bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ ń lọ síwájú, bíréèkì iwájú ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń já a gbà lójijì ló ń taari. Méjèèjì la ń lò pọ̀, a sì máa ń fún un jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fún ọsàn. Bí ilẹ̀ bá tutù, ká tún rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, má gbé èrò. Má gùn ún lálẹ́. Bí òjò bá ṣú, dúró kó dá. Lọ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó bá a mu, Class A ni wọ́n ń pè é. Kí o sì mọ òfin ibi tí o fẹ́ gùn ún sí. Ẹni tó fẹ́ lọ fi ṣiṣẹ́ ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland, wọ́n sì tún fi àwọn míì kún un lẹ́yìn náà. Òmíràn á yá owó ra ọ̀kadà lókè níbí, á gbé e lọ sí Èkó, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ oníbodè ni.

Gbèsè tó gbé Àjàlá gun àjà

Ẹ rántí pé Àjàlá kò lè yan orí rere fún ẹnikẹ́ni nígbà tí olówó ń pariwo ní ìsàlẹ̀. Onígbèsè kì í lè fara balẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń sá fún olówó náà kì í lè fara balẹ̀ lójú pópó.

Mo ka ìtàn ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn kún un. Orúkọ ọ̀kadà yìí wá láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé alùpùpù náà ti di bàálù tálákà. Nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ọ̀pọ̀ ló gbé alùpùpù jáde láti fi wá oúnjẹ. Látìgbà náà ni ọ̀kadà ti di ibi tí ẹni tí kò níṣẹ́ ń sá sí. N kò bú wọn. Òógùn ojú ni wọ́n ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gbèsè ń ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Wọ́n gbé ọ̀kadà fún un pé kó máa dá owó wá lójoojúmọ́ títí yóò fi san án tán. Láti ọjọ́ kìíní ni owó ti ń lé e. Kò ní ráyè oṣù mẹ́ta tí mo sọ yẹn. Á gbé èrò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, á gùn ún lóru, á gùn ún nínú òjò, torí olówó kò mọ òjò. Àbúrò mi, bó bá ṣeé ṣe, kọ́ ọ mọ̀ kó o tó gba irú rẹ̀. Èyí tó kéré tí o fi owó ara rẹ rà sàn ju ńlá tí ọkàn rẹ kò balẹ̀ lórí rẹ̀.

Kí gbogbo owó má sì lọ sórí ọ̀kadà nìkan. Afùwàpẹ́ kò ná gbogbo owó rẹ̀ tán sílé, ìdí nìyẹn tó fi rí èyí tó fi san gbèsè. Bí owó rẹ bá jẹ́ mẹ́wàá, méje ni kó o fi wá ọ̀kadà. Fi mẹ́ta yòókù ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì, fi gba ìwé, fi pààrọ̀ táyà, fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ.

Òjò tó ń rọ̀ sórí

Mo dé ibi hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ní 1 oṣù Kìíní ọdún 2009, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú un pé ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà yẹn á rántí. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò rọ́bà, wọ́n ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì wọ́n. Àwọn èrò náà kò fẹ́ dé ti ọlọ́kadà. Wọ́n ní ẹnì kan lè ti fi oògùn sí i, tí yóò gba orí àwọn lọ.

Àwọn tó kàwé rẹ́rìn-ín wọn. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí ohun kan wà nínú ẹ̀rù yẹn. Àwọn èèyàn wa mọ̀ pé orí ni òrìṣà àkọ́kọ́. Kò sí òrìṣà tó ń gbe èèyàn lẹ́yìn orí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n dáàbò bo orí kúrò lọ́wọ́ oògùn, wọ́n wá fi í sílẹ̀ fún ọ̀dà títì. Igbá tí wọ́n dé, ìgbà wo ló gba ìlù ọ̀pá irin rí? Òun àti orí Orílèémèrè, ìkan náà ni wọ́n: ó rí roboto, ọ̀tọ̀ ni ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ òjò.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó dára ń dín ikú kù ní nǹkan bí 40 nínú 100 láàárín àwọn tó bá ní jàǹbá ọ̀kadà, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní nǹkan bí 70 nínú 100. Bí o bá ń bẹ̀rù oògùn, ra tìrẹ, má yá ti ẹlòmíràn. Kó bo etí, kó le, kó má máa yí lórí rẹ, kí okùn rẹ̀ sì so lábẹ́ àgbọ̀n. Èyí tó bá ti ṣubú ní jàǹbá rí, ó ti sán nínú bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Má tún dé e.

Ẹbọ ńkọ́?

Ní àdúgbò tí mò ń gbé, ọmọkùnrin ẹni ọdún 19 kan ra 150cc ńlá. Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò rọ̀, ajá kan sọdá, ó tẹ bíréèkì ẹ̀yìn nìkan, táyà ẹ̀yìn yọ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní. Ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ohun tó béèrè ni pé, "Ta ló ń bínú sí ọmọ mi? Ṣé Ògún ni?" Wọ́n ti bọ Ògún kí ọmọ tó gùn ún o. Wọ́n pa ajá, wọ́n ta epo sílẹ̀, wọ́n wúre.

Mo dá Ifá. Ifá kò dárúkọ ọ̀tá kankan. Mo ní, "Màmá, Ògún kò bínú. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo táyà yẹn." Táyà ẹ̀yìn dán bí ẹ̀yìn àwo. Ìyá náà jókòó sílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé owó táyà méjì kò tó owó ajá tí wọ́n pa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Èmi babaláwo kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bọ Ògún. Ẹni tó bá ra irin, kó kí onírin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹbọ Afùwàpẹ́ dáadáa. Wọ́n mú díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní kó gbé ìyókù dání lọ. Iyọ̀ yẹn ló fún oníbodè. Owó yẹn ló fi san gbèsè. Ẹbọ rẹ̀ bá a rìn lójú ọ̀nà, ó di ọ̀rẹ́, ó di ìmọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá bọ Ògún fún ọmọ tó ra ọ̀kadà, hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà lára ẹbọ yẹn. Táyà tuntun wà lára rẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó fi kọ́ṣẹ́ wà lára rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbé ìwọ̀nyí dání, ìlàjì ẹbọ lẹ rú.

Àwọn kan á ní àyànmọ́ ni, ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tó ẹnu dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ni àyànmọ́ bí kò ṣe ohun tí a yàn? Ọwọ́ ara wọn ni Orísèékú àti Orílèémèrè fi gbé tiwọn, kò sẹ́ni tó tì wọ́n. Ẹni tí kò dán nǹkan wò kó tó yàn án, kó má wá pe àìbìkítà rẹ̀ ní orí.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, bí owó bá ti pé lọ́wọ́ rẹ, má tíì lọ lónìí. Kọ́kọ́ wá oníbodè kan. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá ń pè ọ́ pé o ti ń pẹ́, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Afùwàpẹ́ ló dé kẹ́yìn, òun lorí rẹ̀ pé. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ọ̀kadà, ẹ má kàn fún un lówó, ẹ má sì kàn gbé e ṣépè. Ẹ bá a lọ sọ́jà, ẹ mú mẹkáníìkì dání, ẹ dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń lù ú wò.

Kí Ògún má fi ọmọ wa wẹ̀ láéláé. Kí òjò tó bá rọ̀ lọ́nà má ba orí wa jẹ́. Kí ẹsẹ̀ wa gbé wa dé ilé. Kí Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, jẹ́ ká mọ ẹni tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó yàn.

Àṣẹ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.